Ajẹ́lẹ̀ Láàárín Ọ̀gá àti Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà sọ ní Pápá Àjàó

Mo rí i pé àwọn kan nínú yín kò tilẹ̀ dé ilé kí wọ́n tó yà síbí. Ládípọ̀, níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni wọ́n ti wá tààrà, epo dúdú ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Kò séwu. Ìwé kì í bínú sí ọwọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ òní, nítorí àwọn tí kò sí níbí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. A ń ka ìwé wa lọ, a sì kan ọ̀rọ̀ kan: AJẸ́LẸ̀. Olùkọ́ ní kí ìyá kan kà á. Ìyá náà fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó kà á dáadáa: a-jẹ́-lẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Olùkọ́, èmi mọ ajẹ́lẹ̀. Kẹatékà ilé wa ni!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá kan tí ó jẹ́ ọmọ Èkìtì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará Ìbàdàn ni wọ́n ni ajẹ́lẹ̀, kí ọmọ Ìbàdàn tí ó bá wà níjòókòó dìde kí ó sọ ohun tí wọ́n fi ojú àwọn bàbá òun rí. Arákùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn dìde lóòótọ́, ó ní kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀, òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹnu ń ho, ọwọ́ ń juwọ́. Bí kì í bá ṣe pé olùkọ́ fi ọgbọ́n pa ìwé dé, ogun tí àwọn bàbá wa parí ní 1893 ì bá tún bẹ̀rẹ̀ ní Pápá Àjàó.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí èmi àgbàlagbà wá sọ̀rọ̀ lórí ajẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé n kò lè gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ọmọ Èkìtì ni bàbá mi. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyá tí ó bí ìyá mi. Èyí tí mo bá bú nínú méjèèjì, ara mi ni mo bú.

Ó dára. Kí ni ajẹ́lẹ̀? Kẹatékà tí ìyá wa wí kò jìnnà sí i rárá. Onílé wà ní ibòmíràn. Ó lè wà ní Ìkòyí, ó lè wà ní òkè òkun. Ẹ̀yin ayálégbé kì í rí i. Kẹatékà ni ẹ ń rí. Òun ni ó ń gba owó ilé, òun ni ó ń parí ìjà ìdí ẹ̀rọ omi, òun náà ni ó ń sọ fún onílé pé ẹni báyìí kò tíì sanwó, ẹni báyìí ń fẹnu ba ilé jẹ́. Inú ilé kan náà ni ẹ jọ ń gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan nínú yín. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe onílé. Bí ajẹ́lẹ̀ ti rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé odidi ìlú ni wọ́n ní kí ajẹ́lẹ̀ máa ṣọ́, àwọn tí ó sì rán an ní ìbọn lọ́wọ́.

Ìbàdàn kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Kí Ìbàdàn tó di ìlú ni Ọ̀yọ́ ti ń ṣe é. Ní ìgbà tí Aláàfin wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìránṣẹ́ ọba kan wà tí à ń pè ní ìlàrí. Wọn a máa fá apá kan orí, wọn a sì fi apá kejì sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá rí wọn lókèèrè lè mọ̀ pé ojú ọba ni ó ń bọ̀ yẹn. Orúkọ tí ọba ń sọ wọ́n pàápàá ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ọ̀kan nínú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni Mádàáríkàn, ìyẹn ni pé, má ṣe kò ó lójú. Aláàfin rán púpọ̀ nínú wọn lọ máa gbé láàárín àwọn Ẹ̀gbá nínú igbó, nígbà tí Ẹ̀gbá kò tíì dé Abẹ́òkúta. Ìlàrí ń jẹ, ìlàrí ń mu, ohun tí ó bá sì wu ìlàrí, a mú un.

Lísàbí, àgbẹ̀ kan báyìí, ni ó wá dá ẹgbẹ́ àáró sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe oko rí mọ àáró: lónìí gbogbo wa á bá ọ ro oko tìrẹ, lọ́la gbogbo wa á bá mi ro tèmi. Ìlàrí ń wò wọ́n, wọ́n ṣe bí ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti àdá lásán ni. Ní ọjọ́ kan, ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Lísàbí bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbẹìn, ó pa ìlàrí tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ìlú Ẹ̀gbá yòókù sì ṣe bákan náà. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, kọ ọ́ pé ìlàrí tí ó kú ní ọjọ́ kan yẹn lé ní 600.

600 ènìyàn! Ẹ̀gbá ń yin Lísàbí títí di òní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé láàárín 600 yẹn, kò lè ṣe kí a má rí ẹni tí kò mú ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ náà dé, ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ẹ jẹ́ kí a dé Ìbàdàn wàyí, nítorí ibẹ̀ ni ìjà wa wà. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Ní 1840, wọ́n lé ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo. Bí kò bá ṣe tiwọn ni, ibi tí ẹṣin Ìlọrin ì bá dé, Ọlọ́run ló mọ̀. A gbọ́dọ̀ dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ wọn, ìwọ bàbá Èkìtì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹkùn, ebi a máa pa òun náà. Láàárín 30 ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ìbàdàn gba àwọn ìlú lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun, ó gba Èkìtì, ó gba apá kan Ìgbómìnà àti Àkókó, ó sì kó Iléṣà ní 1870.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ tí ó pọ̀ tó báyìí? Wọn kò yọ ọba. Ọba ìlú wà lórí àga rẹ̀, adé wà lórí rẹ̀, àwọn ìjòyè rẹ̀ yí i ká. Ṣùgbọ́n wọ́n fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní bàbá kékeré kan ní Ìbàdàn. Bàbá kékeré yìí, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìbàdàn ni. Ọ̀rọ̀ tí ìlú bá ní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbà kọjá. Òun ni ó ń mú ènìyàn kan láti inú agbo ilé rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ogun rẹ̀, ìbáà ṣe ẹrú tí ó fọkàn tán, tí ó ń sọ fún un pé, "Ìwọ, dìde, máa lọ sí ìlú báyìí, ìwọ ni ajẹ́lẹ̀ wọn." Ajẹ́lẹ̀ a kó ìyàwó rẹ̀, a kó àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, a sì máa lọ.

Bí ó bá dé, ìlú a fún un ní ilé. Ìlú a máa bọ́ ọ. Òun ni yóò gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ìlú gbọ́dọ̀ san, tí yóò fi í ránṣẹ́ sí bàbá kékeré: owó ẹyọ, iṣu, epo, ewúrẹ́, ohunkóhun tí ilẹ̀ náà bá ní. Bí ogun bá ṣẹ́ Ìbàdàn lọ́wọ́, òun ni yóò sọ fún ọba pé kí ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jáde. Bí ìlú bá ń gbèrò ìbàjẹ́, òun ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Bí ẹjọ́ bá sì ta kókó, wọn a gbé e wá sí iwájú rẹ̀.

Ẹ wá bi mí léèrè: èló ni owó oṣù ajẹ́lẹ̀?

Òdo. Kò sí. Ẹnìkan kò san kọ́bọ̀ fún un. Láti Ìbàdàn, àṣẹ nìkan ni ó ń wá. Oúnjẹ rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ẹ̀bùn tí yóò fi máa wá ojú rere bàbá kékeré kí wọ́n má baà fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde. Nígbà tí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn, mo máa ń dúró díẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ajẹ́lẹ̀ burú, ajẹ́lẹ̀ burú. Ó burú lóòótọ́ ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n fi rán an níṣẹ́ ti burú kí òun tó di ẹrù rẹ̀.

Ẹ mú pẹ́ńsù yín, kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọ̀kẹ́ kan, 20,000 owó ẹyọ ni. Ká ní bàbá kékeré béèrè ọ̀kẹ́ 10. Ajẹ́lẹ̀ náà ní ẹnu láti bọ́, yóò sọ fún ọba pé ọ̀kẹ́ 12 ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ tí ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, òun náà ní ikùn, yóò sọ fún àwọn olórí ilé pé ọ̀kẹ́ 14 ni. Ẹ yọ 10 kúrò nínú 14. Ó ku 4. Ọ̀kẹ́ 4, ẹ fi 20,000 ṣe é ní ìlọ́po: 80,000 owó ẹyọ tí kò dé Ìbàdàn rárá, tí Ìbàdàn kò sì mọ̀ pé wọ́n gbà. Ká ní ni mo wí o, àpẹẹrẹ ni. Ẹni tí ó bá ti san owó iná fún kẹatékà rí mọ bí ó ṣe ń rí. Onílé kò fún kẹatékà lówó, ó kàn ní kí ó máa gbé yàrá kan lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹatékà sì ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé.

Èyí tí ó tún le jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ yìí. Yorùbá ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ajẹ́lẹ̀ ń bẹ̀rù bàbá kékeré. Ọmọ ọ̀dọ̀ ń bẹ̀rù ajẹ́lẹ̀. Ta ni ó wá ń bẹ̀rù obìnrin tí ó ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí? Kò sí ẹnìkan.

Kí a tó jókòó ní alẹ́ yìí, arábìnrin wa kan tí ó ń ránṣọ bi mí pé, "Bàbá, ṣé àwa Yorùbá nìkan ni a máa ń ṣe ara wa báyìí?" Mo ní kí ó dúró, èmi yóò dáhùn níwájú gbogbo yín. Ẹ gbọ́.

Ilẹ̀ olókè kan wà ní apá Éṣíà tí a ń pè ní Àméníà. Òtútù ibẹ̀ a máa pa ènìyàn; yìnyín a bo ilẹ̀ títí yóò fi mu ẹṣin dé ikùn. Láyé àtijọ́, àwọn ọba Páṣíà ni ó ń jọba lé ilẹ̀ náà lórí, wọ́n sì ń rán ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Satrap ni wọ́n ń pè é. Ní 401 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọmọ ogun Gíríìkì kan tí wọ́n ń wá ọ̀nà padà sílé la ilẹ̀ náà kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, Xenophon, kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ó ní Tiribazus ni orúkọ ajẹ́lẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, ọ̀rẹ́ ọba ni, àti pé bí Tiribazus bá wà nítòsí, kò sí ẹlòmíràn tí ó gbọdọ̀ gbé ọba gun ẹṣin. Ẹ rò ó wò! Iyì ńlá ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

Tiribazus bá àwọn Gíríìkì yìí mulẹ̀ pé kí wọ́n má sun ilé, kí wọ́n sáà mú oúnjẹ tí wọ́n bá fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó lọ lúgọ dè wọ́n ní ojú ọ̀nà. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kọ lu ibùdó rẹ̀, wọ́n sì kó àgọ́ rẹ̀. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ibùsùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ fàdákà, àwọn ife ìmutí, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n ní àwọn ni ó ń ṣe búrẹ́dì fún un, àwọn ni ó ń bu ọtí fún un. Ní abúlé kan tí kò jìnnà púpọ̀, àwọn ará Àméníà ń gbé ilé abẹ́ ilẹ̀ nítorí òtútù, àwọn àti ewúrẹ́ àti àgùntàn àti adìẹ wọn. Wọ́n ń fi esùsú fa ọtí ọkà bálì mu nínú ìkòkò. Xenophon kò sọ pé ebi ń pa wọ́n; oúnjẹ kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ọmọ ẹṣin 17 tí wọ́n ń tọ́ níbẹ̀. Ti ọba ni. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọn kò ní gùn wọ́n.

Báwo ni Tiribazus ṣe parí? Ajẹ́lẹ̀ mìíràn tí ó ti jẹ ní Àméníà, Orontes, àna ọba, fi ẹ̀sùn kàn án nígbà tí wọ́n jọ lọ jagun. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e lọ síwájú àwọn adájọ́, wọ́n sì dá a láre. Lẹ́yìn náà ọba, Artaxerxes kejì, ṣèlérí ọmọbìnrin rẹ̀ kan fún un. Plutarch, tí ó kọ ìtàn ayé ọba náà, sọ pé ọba yẹ̀ àdéhùn, ó fi ọmọ náà ṣe aya ara rẹ̀. Ó ṣèlérí èkejì, ó tún ṣe ohun kan náà. Ni Tiribazus bá dara pọ̀ mọ́ àrẹ̀mọ, ó dìtẹ̀ mọ́ ọba. Àṣírí tú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba sì pa á. Ọwọ́ tí ó ń gbé ọba gun ẹṣin nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ ajẹ́lẹ̀ Páṣíà mìíràn: Nehemáyà ni. Ọba Páṣíà ni ó rán an lọ sí Júdà. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé àwọn tí ó jẹ ṣáájú òun ń gba oúnjẹ àti wáìnì lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, pẹ̀lú 40 ṣékélì fàdákà, àti pé àwọn ìránṣẹ́ wọn pàápàá ń jẹ gàba lórí ìlú. Ẹ gbọ́ ọ: àwọn ìránṣẹ́! Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ti wà láti ìgbà náà. Nehemáyà ní fún ọdún 12 òun kò jẹ oúnjẹ baálẹ̀. Ẹni rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún kíyè sí èyí: agbọ́tí ọba ni kí ó tó wá, ó sì ní ohun ìní tí ó fi ń bọ́ 150 ènìyàn nídìí tábìlì rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tí ó jẹ́ ẹrú bàbá kékeré ní Ìbàdàn, kí ni yóò fi ṣe Nehemáyà?

Nítorí náà, arábìnrin, kì í ṣe àwa nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ní 1871, Látòósà di Ààrẹ ní Ìbàdàn. Jagunjagun ni, ó sì fẹ́ kí agbára Ìbàdàn kọjá ti àtẹ̀yìnwá. Ní 1877 ó gbé ogun ti Ẹ̀gbá, nítorí ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wá láti etí òkun. Ogun ń jẹ owó. Àwọn ìlú tí ajẹ́lẹ̀ wà ni owó náà gbọ́dọ̀ ti jáde.

Ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní Òkè-Ìmèsí ní Èkìtì nígbà náà ni Oyèpẹ̀tún. Ní 1878, ní àkókò ọdún, wọ́n fi ọwọ́ ìbàjẹ́ kan ìyàwó ọmọ ọba kan tí ó ń jẹ́ Fábùnmi. Ìtàn yìí, ẹnu tí ó ń sọ ọ́ pọ̀. Àwọn kan ní ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó dá a láṣà. Ohun tí ẹnu kò yà lé lórí ni pé Fábùnmi fa idà yọ, ó sì pa Oyèpẹ̀tún.

Mo fẹ́ kí ẹ ro ọjọ́ náà dáadáa. Fábùnmi mọ ohun tí ó ṣe. Ẹni tí ó bá pa ajẹ́lẹ̀, Ìbàdàn ni ó pa. Bí òun nìkan bá dá a ṣe, wọn yóò jó Òkè-Ìmèsí di eérú. Nítorí náà ó ránṣẹ́ sí àwọn ìlú yòókù pé kí olúkúlùkù ṣe ti ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n sì ṣe é. Ní ìlú púpọ̀ ní Èkìtì àti ní Ìjẹ̀ṣà, wọ́n dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ará ilé wọn. Èyí tí ó lè sá, sá. Èyí tí kò lè sá, ó kú síbẹ̀. Báyìí ni Èkìtì Parapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ogun tí ó tẹ̀lé e ni Kíríjì, tí wọ́n fi ìró ìbọn ńlá sọ lórúkọ. Ìbàdàn tẹ̀dó sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ tẹ̀dó sí Ìmèsí-Ilé, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di balógun wọn. Ẹ má sì rò pé Èkó kò lọ́wọ́ sí i. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti oko ẹrú padà wá, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ìwé náà sì sọ pé àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti gba ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò tú kúrò ní ibùdó títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter lọ bá wọn níbẹ̀ láti Èkó.

Ìwọ bàbá Èkìtì, mo rí i pé ò ń mi orí. Dúró ná, ọ̀rọ̀ kò tán.

Ní ọdún kan náà yẹn, 1893, Gẹ̀ẹ́sì rán òyìnbó kan, Captain Bower, lọ jókòó sí Ìbàdàn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ irú ipò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó ń wo ohun tí àwọn ìjòyè ń ṣe, ó ń bá wọn dá sí ẹjọ́, ó ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó. Kí ni àwọn Yorùbá wá ń pe irú òyìnbó báyìí? Wọn kò wá orúkọ lọ ibì kan. Wọ́n pè é ní Ajẹ́lẹ̀! Ọba wà lórí àga, baálẹ̀ wà lórí àga, àlejò kan sì jókòó nítòsí tí ó ní ìbọn lẹ́yìn. Ìbàdàn tí ó ti rán ajẹ́lẹ̀ sí ìlú onílùú, òun náà ní ajẹ́lẹ̀ wàyí. Ọ̀yọ́ tí ó kọ́kọ́ rán ìlàrí náà kò bọ́ níbẹ̀. Ní 1895 Bower yìí kan náà yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá dé Òkè Ààrẹ ní Ìbàdàn lónìí, ẹ ó rí ilé gíga tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí rẹ̀. Láyípo ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó ń yí po. Àwọn ọmọdé ń gùn ún ṣeré.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fi pamọ́ di ìgbẹ̀yìn, nítorí ti ilé wa ni.

Ní ilé bàbá mi ní Èkìtì, nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n a máa sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀ pé ìlú wa náà lé ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní ọdún Fábùnmi, pé kò délé. Àwa ọmọdé a pàtẹ́wọ́. Ní ìsinmi ọdún kan, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìbàdàn. Ọmọdé kò mọ ibi tí a kì í ti í sọ̀rọ̀. Mo sọ ìtàn náà fún ìyá àgbà, mo tilẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe bí wọ́n ṣe lé e. Ìyá àgbà kò bá mi wí. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tí ó ṣe, ó ní ọ̀kan nínú àwọn bàbá ńlá tàwọn náà jẹ ajẹ́lẹ̀ ní Èkìtì tí kò sì padà. Ó ní kí ọdún yẹn tó dé, ó ti ránṣẹ́ sílé ní ẹ̀ẹ̀mejì pé kí àwọn ará ilé bá òun bẹ bàbá kékeré, kí ó jẹ́ kí òun máa bọ̀ nílé, nítorí ojú àwọn ará ìlú ti yí padà sí òun, wọn kò sì kí òun mọ́ láàárọ̀.

Bàbá kékeré ní ìṣákọ́lẹ̀ ọdún náà kò tíì pé.

Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ìwọ bàbá Èkìtì, ìwọ arákùnrin Ìbàdàn, ẹ sún mọ́ ara yín díẹ̀, iná ìhà ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó. Kí gbogbo wa ṣí ìwé sí ibi tí olùkọ́ ti pa á dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ìyá ni ó kàn láti kà.